Ogun ò pa ọkọ̀ Méduse, ọ̀gá tí wọ́n fi ojúsàájú yàn ló pa á

Ká ní ọkọ̀ ojú omi máa ń sọ̀rọ̀ ni, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Méduse ì bá ti ké gbàjarè sétí gbogbo ayé. Ọkọ̀ yìí la ogun Napoleon já, ó rin ìrìn àjò tó jìn gan-an lórí òkun, ó sì padà wálé láyọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá lórí òkun nígbà náà lé e, wọn ò rí i mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, tí àlàáfíà dé, tí kò sẹ́ni tó ń yìnbọn lu ẹnì kan mọ́, ojú ọ̀sán ni wọ́n gbé e gun iyanrìn nítòsí etíkun Áfíríkà, lọ́jọ́ kejì, oṣù keje, ọdún 1816. Nínú nǹkan bí 400 èèyàn tó wà nínú ẹ̀, àwọn tó bá ọ̀rọ̀ náà lọ lé ní 140.

Kì í ṣe ìjì ló ṣe é, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ọkọ̀ náà ni ò mọ̀ ọ́n wà. Bí ọkùnrin ọ̀hún sì ṣe dórí ipò yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

ỌKỌ̀ TÓ MỌ EWU YÀ FÚN

Oṣù keje, ọdún 1810 ni wọ́n sọ Méduse sómi ní Paimbœuf, ìlú kékeré kan létí odò Loire, tí ò jìnnà sí Nantes. Orúkọ obìnrin kan nínú àlọ́ àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn obìnrin tó jẹ́ pé ejò ni irun orí ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lójú yóò di òkúta lójú ẹsẹ̀. Jacques-Noël Sané, ọ̀gá pátápátá nínú àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ogun nílẹ̀ Faransé, ló ya irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú ẹ̀ o, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lu aṣọ ìgbòkun lórí òpó mẹ́ta ló ń ta á lọ. Gígùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 47, ìbọn ńlá 40 ni wọ́n ṣe é láti máa gbé. Kò tóbi tó àwọn ọkọ̀ gìrìwò tó máa ń tò tẹ̀ léra wọn fi jagun, àmọ́ ó yára jù wọ́n lọ. Bó bá ku ká lé ẹnì kan, yóò lé e. Bó bá ku ká sá, yóò sá.

Wọn ò jẹ́ kó sinmi rárá. Lọ́dún 1811, òun àti ọkọ̀ ogun kejì tó ń jẹ́ Nymphe ti dé Java, erékùṣù tó wà ní Indonesia òde òní. Abẹ́ Napoleon ni Java wà nígbà náà, àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbógun tì í. Oṣù kẹsàn-án ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Bucephalus, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn méjèèjì kiri. Nígbà tó yá, àwọn ará Faransé yíjú padà, wọ́n sọ ẹni tó ń lé wọn di ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá dọ́gbọ́n kan. Ó forí lé ibi tí omi ò ti jìn, ó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé òun kí wọ́n lè gun iyanrìn. Àmọ́ ojú àwọn tó ń wa Méduse là, wọ́n rí pàkúté náà, wọ́n sì dúró kí wọ́n tó kó sí i. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá ọdún náà, ọkọ̀ ti padà sí Brest láyọ̀.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ibi tí omi ò ti jìn yẹn o, torí yóò tún padà wá sílẹ̀.

Láàárín ọdún 1813 sí 1814, orí òkun Atlantic ni Méduse wà, ó ń dọdẹ àwọn ọkọ̀ oníṣòwò ọ̀tá. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn nínú gbogbo ogun yẹn. Ní àsìkò tó jẹ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọkọ̀ ogun Faransé bí ẹni ń ṣa iṣu lóko, nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn.

DÍẸ̀ LÓ KÙ KÓ GBÉ NAPOLEON SÁ LỌ

Ní oṣù keje ọdún 1815, lẹ́yìn tí wọ́n ti na Napoleon ní Waterloo, ọkùnrin tí gbogbo ọba ilẹ̀ Yúróòpù ń gbọ̀n fún yìí sá wá sí Rochefort, létí òkun. Amẹ́ríkà ló fẹ́ẹ́ sá lọ. Ọkọ̀ ogun méjì ni wọ́n pèsè sílẹ̀ fún un, ọ̀kan ń jẹ́ Saale, èkejì ni Méduse. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́. Ọkọ̀ ogun wọn kan tó tóbi ju méjèèjì lọ dáadáa, Bellerophon, ti dí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá tó ń darí Méduse nígbà náà, Kápúténì Ponée, wá gbé ìmọ̀ràn kan kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun fi Méduse kọ lu Bellerophon lóru, kóun so mọ́ ọn, kóun máa bá a jà títí tí ọkọ̀ òun yóò fi bàjẹ́ pátápátá, kí Saale lè ráyè gbé Napoleon kọjá. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ikú lòun ń yàn fún ara òun, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá ọkọ̀ Saale, Philibert, kọ̀ jálẹ̀, ó lóun ò ní í bá wọn dá irú ẹ̀ wò. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà ni Napoleon fúnra ẹ̀ wọ ọkọ̀ Bellerophon, ó jọ̀wọ́ ara ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù St. Helena, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1821.

Irú ọ̀gá tí Méduse ní lọ́dún 1815 nìyẹn. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n fi ẹlòmíì síbẹ̀.

ẸNI TÓ JÌYÀ FỌ́BA LÓ Ń JẸUN

Nígbà tí Napoleon lọ tán, ìdílé ọba àtijọ́ padà sórí àlééfà, Louis Kejìdínlógún gba ìjọba. Àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ti sá kúrò nílùú nígbà tí aráàlú dìtẹ̀ sí ọba bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, oníkálukú ń ka ìyà tó ti jẹ nítorí ọba. Ẹni tó bá sì ti jìyà fọ́ba, ó ti yẹ kó rí nǹkan jẹ nìyẹn. Wọ́n wá ń ní kí àwọn tó mọṣẹ́ máa lọ sílé, torí pé abẹ́ Napoleon ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì ń kó èèyàn tiwọn sípò wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó jàǹfààní ẹ̀ ni Hugues Duroy de Chaumareys. Ẹni ọdún 52 ni. Lóòótọ́, ó ti ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà èwe ẹ̀, ó sì ti bá àwọn èèyàn ọba jagun lọ́dún 1795. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lójú òkun kẹ́yìn. Ẹni tó ti fi gbogbo ìgbà yẹn wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n kó ọkọ̀ mẹ́rin lé lọ́wọ́ lójijì, tí wọ́n ní kó máa gbé e lọ sí Áfíríkà.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kì í ṣe ti ogun. Àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe sọ pé kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ìlú Saint-Louis, ní Sẹ̀nẹ̀gà, padà fún Faransé. Gómìnà tuntun tó fẹ́ẹ́ lọ gba ìlú náà, Julien Schmaltz, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ obìnrin wà nínú Méduse. Àwọn ṣójà, akọ̀wé ìjọba, dókítà àti àwọn tó fẹ́ẹ́ lọ ṣèwádìí nípa ilẹ̀ Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn ńlá ọkọ̀ náà kúrò kí èrò lè ráyè. Àwọn ọkọ̀ mẹ́ta yòókù ni Écho, Argus àti Loire. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 1816 ni wọ́n gbéra ní Faransé.

Wọn ò tíì lọ jìnnà tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ já sómi, wọn ò rí i yọ. Gómìnà ní òun fẹ́ẹ́ tètè débẹ̀, Chaumareys náà bá ń sáré, ó fi Loire àti Argus tí wọn ò lè sáré tó o sílẹ̀ sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ló yẹ kí wọ́n jọ máa rìn. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé òun àtàwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò gbọ́ra wọn yé. Ojú ọmọlẹ́yìn Napoleon ló fi ń wò wọ́n, ojú ẹni tí ò mọ nǹkan kan làwọn náà fi ń wò ó. Dípò kó bi àwọn tó mọ̀nà, èrò ọkọ̀ kan lásán tó ń jẹ́ Richefort, tó ní òun mọ etíkun Áfíríkà dáadáa, ló kó ìdarí ọkọ̀ lé lọ́wọ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nínú ọkọ̀ yìí o, ẹnu wọn ni wọ́n pa mọ́.

WỌ́N Ń ṢE FÀÁJÌ, EWU Ń BỌ̀

Lójú òkun tí wọ́n ń gbà lọ, létí Mauritania òde òní, òkìtì iyanrìn ńlá kan wà lábẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Arguin. Gbogbo atukọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ti rí etí ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Cap Blanc, wọn yóò yà sí àárín òkun pátápátá, wọn yóò rìn jìnnà sí ilẹ̀ títí wọn yóò fi kọjá ibẹ̀. Àmọ́ ìkùukùu kan tí wọ́n rí lọ́ọ̀ọ́kán ni Chaumareys àti Richefort pè ní Cap Blanc. Bí ìṣirò wọn ṣe dàrú nìyẹn.

Lọ́jọ́ kìíní, oṣù keje, àwọn atukọ̀ ń ṣe ayẹyẹ tí wọ́n máa ń ṣe bí wọ́n bá ti wọ ilẹ̀ ibi tí oòrùn ti ń mú gan-an, omi ni wọ́n ń dà síra wọn lára, wọ́n ń jó, wọ́n ń yọ̀. Lóru ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ Écho tó wà nítòsí tan iná láti fi kìlọ̀ fún wọn, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Écho ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó mọṣẹ́ rí i pé àwọ̀ omi ti yí padà, iyanrìn wà nínú ẹ̀, koríko ń léfòó. Wọ́n sọ okùn sísàlẹ̀ láti fi wọn bómi ṣe jìn tó, wọ́n rí i pé kò jìn mọ́. Kí wọ́n tó wá ọkọ̀ yà, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, Méduse ti jókòó sórí iyanrìn Arguin gbọnrangandan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá kò rí ọkọ̀ yìí kan náà fi irú ẹ̀ mú lọ́dún 1811.

Orí tó tún kọ̀ wọ́n ni pé ìgbà tí omi òkun kún jù ni wọ́n gùn ún, tó fi jẹ́ pé ńṣe ni omi tún ń fà sí i. Wọ́n ní kí Chaumareys jẹ́ kí wọ́n kó àwọn ìbọn ńlá 14 tó kù sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ó ní rárá, ohun ìní ọba ni.

WỌ́N JÁ OKÙN SÍLẸ̀

Ọkọ̀ kékeré mẹ́fà ló wà fún àsálà, wọn ò sì lè gba èèyàn 400 láéláé. Ni wọ́n bá kó òpó ọkọ̀ àti pákó jọ, wọ́n fi okùn dì wọ́n pọ̀ di pèpéle onígi kan tó gùn tó mítà 20, tó sì fẹ̀ tó mítà 7. Ìlérí tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ọkọ̀ kékeré yóò so okùn mọ́ ọn, wọn yóò máa fà á lọ títí dé etíkun, nǹkan bí 50 kìlómítà síbi tí wọ́n wà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí ìgbì ti ń fọ́ ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Gómìnà àti ẹbí ẹ̀ wọ ọkọ̀ tó dára jù. Chaumareys tó yẹ kó kẹ́yìn jáde náà ti bá tiẹ̀ lọ. Ọkùnrin 146 àti obìnrin kan ni wọ́n kó sórí pèpéle onígi, ṣójà àti atukọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó rì débi pé omi mu wọn dé ìbàdí. Àwọn 17 kan ní àwọn ò lọ síbì kankan, wọ́n dúró sínú ọkọ̀ tó ti gun iyanrìn.

Wọn ò tíì fà wọ́n lọ jìnnà tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré fi rí i pé pèpéle náà wúwo, pé ó ń dá àwọn dúró. Ni wọ́n bá já okùn sílẹ̀. Àwọn tó wà lórí igi kọ́kọ́ rò pé ṣe ni okùn ṣèèṣì já. Ìgbà tí wọ́n rí i tí àwọn ọkọ̀ ń lọ tí wọn ò bojú wẹ̀yìn ló tó yé wọn.

ỌJỌ́ 13 LÓRÍ OMI

Báàgì bisikíìtì kan tómi òkun ti wọ̀ ni oúnjẹ wọn, ọjọ́ kìíní ni wọ́n jẹ ẹ́ tán. Àgbá omi méjì ni wọ́n ní, ọtí wáìnì ló pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, nǹkan bí 20 èèyàn bómi lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá àtàwọn ṣójà tí ọtí àti ìbẹ̀rù ti gba orí wọn, wọ́n fi idà àti àáké ṣa ara wọn, omi mímu náà sì bá ìjà yẹn lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, èèyàn 67 ló kù. Ebi wá lé wọn débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara àwọn tó ti kú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ara wọn ṣì le fikùn lukùn. Wọ́n ní wáìnì tó kù ò lè kárí, wọ́n sì kó àwọn tó ṣàìsàn àtàwọn tó fara gbọgbẹ́ jù sómi. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn ọmọ ogun Faransé rìn, tó ń tajà fún wọn lójú ogun, wà lára àwọn tí wọ́n jù nù, òun àti ọkọ ẹ̀. Ó ku èèyàn 15.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje, ni ọkọ̀ Argus ṣàdédé rí wọn. Nínú àwọn 15 náà, márùn-ún tún kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Jean-Charles, ṣójà tó jẹ́ èèyàn dúdú.

Ọkọ̀ gómìnà àti ti Chaumareys ti dé Saint-Louis tipẹ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré yòókù bọ́ sílẹ̀ létí aṣálẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ìlú, oòrùn àti òùngbẹ pa àwọn kan lọ́nà. Nígbà tí wọ́n padà lọ síbi tí Méduse wà, owó góòlù inú ọkọ̀ ni wọ́n ń wá lọ. Ó ti lé ní 50 ọjọ́ nígbà náà. Nínú àwọn 17 tó dúró síbẹ̀, mẹ́ta péré ló ṣì ń mí.

ÌWÉ ÌRÒYÌN TÚ ÀṢÍRÍ

Ìjọba ò fẹ́ kọ́rọ̀ náà jáde. Ṣùgbọ́n Henri Savigny, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó wà lára àwọn tó yè bọ́, ti kọ gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ìjọba. Ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1816, ìwé ìròyìn Journal des débats gbé e jáde. Ìlú dà rú. Àwọn èèyàn ń béèrè pé ta ló yan irú ọ̀gá yìí.

Ohun tí Savigny rí gbà ni pé wọ́n fojú ọ̀tá wò ó títí tó fi kúrò níbi iṣẹ́. Òun àti Alexandre Corréard, ẹnjiníà tóun náà wà lórí pèpéle, wá kọ ọ́ síwèé lọ́dún 1817. Corréard ṣí ilé ìtàwé kan sí Paris, ó sì fi orúkọ ọkọ̀ Méduse tó rì pè é.

Kọ́ọ̀tù àwọn ológun gbé Chaumareys yẹ̀ wò lọ́dún 1817. Wọ́n ní ó jẹ̀bi pé kò mọ ọkọ̀ darí, ó sì jẹ̀bi pé ó kúrò nínú ọkọ̀ nígbà táwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn kejì yìí tó ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ pa ọ̀gá ọkọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ipò àti oyè lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura. Ó ṣẹ̀wọ̀n tán, ó padà sílé, ó sì wà láyé títí di ọdún 1841. Dubouchage, mínísítà tó wà nídìí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí wọ́n yàn án, náà fipò sílẹ̀ lọ́dún 1817. Lọ́dún 1818, òfin tuntun jáde fáwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ẹ́ di ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ náà láti ìsàlẹ̀ wá, tàbí kó ti iléèwé ológun jáde, kì í ṣe torí pé ọmọ ọlọ́lá ni.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pa rẹ́ ni àwòrán. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Théodore Géricault wá Savigny àti Corréard kàn, ó béèrè gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí káfíńtà tó wà lára àwọn tó yè bá òun ṣe pèpéle náà ní kékeré, ó sì ń lọ wo òkú kó lè mọ bí awọ wọn ṣe máa ń rí. Àwòrán tó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 5 ní gíga, ó lé ní mítà 7 ní fífẹ̀. Ọdún 1819 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta ní Paris. Ẹni tó wà lókè pátápátá níbẹ̀, tó ń ju aṣọ sókè sí ọkọ̀ tó ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán, èèyàn dúdú ni. Joseph, ọkùnrin kan tó wá láti Haiti, ló dúró kí Géricault fi wò ó yà á. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris ni àwòrán náà wà, àwọn tó ń wò ó lójoojúmọ́ ò lóǹkà.

Méduse fúnra ẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Lọ́dún 1980, àwọn olùwádìí láti Faransé rí àjákù ẹ̀ nínú iyanrìn Arguin, létí Mauritania.

Orí yéye ní í mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó kú sójú omi àti aṣálẹ̀ yẹn, kò sí ìkankan tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ipò láàfin. Àwọn ọ̀rẹ́ ọba ló mọ bí wọ́n ṣe fi Chaumareys ṣe ọ̀gá ọkọ̀. Àwọn ṣójà, àwọn atukọ̀ àti obìnrin ọlọ́jà kan ló san owó ẹ̀.